Kí ọmọ tó yan yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ni kí òbí àti ọmọ lọ wò ní ìlú náà?

BàbáÀbẹ̀kẹ́ (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́. Ọmọbìnrin mi ti pé ọmọ ọdún 16, èyí tí àjọ JAMB béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì, ó sì ń múra láti ra fọ́ọ̀mù. Ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó jẹ mọ́ ṣíṣe oúnjẹ ni ọkàn rẹ̀ fà sí, ilé ẹ̀kọ́ tí ó sì ń dárúkọ jù ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi àti ìyá rẹ̀ kò ní ìbátan kankan níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìlú náà kò ju ohun tí ènìyàn ń rí láti ojú fèrèsé ọkọ̀ nígbà tí ó bá ń lọ sí Ìlọrin.

Mo wá pinnu pé kí èmi àti ọmọ náà lọ síbẹ̀ kí ó tó kọ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà sí ipò kìíní, kí a lo òpin ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, kí a sì fi ẹsẹ̀ wa rin ìlú náà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, níbo ni kí a dé, kí sì ni kí a béèrè?

ÀgbàÌjẹ̀bú (Ìjẹ̀bú-Òde)

Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ní àkókò tiwa, orúkọ wa ni a máa ń wá nínú ìwé ìròyìn. Bí a bá ti rí i, bàbá wa á ra àpótí onírin fún wa, ó parí náà nìyẹn. Ìrìn àjò tí ẹ fẹ́ rìn yìí, àṣà àwọn olówó ni. Ọmọ kò tíì ṣe ìdánwò JAMB, kò tíì ṣe èyí tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá wọn yóò gbà á, ẹ sì ti fẹ́ máa san owó epo àti owó òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ tọ́jú owó náà de ìgbà tí wọn yóò béèrè owó ilé.

ỌmọAjílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Mo kí àgbà, ṣùgbọ́n mo ní láti ta ko ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ní Ògbómọ̀ṣọ́ gan-an ni ó ti yẹ kí ènìyàn wo ìlú kí ó tó yan ilé ẹ̀kọ́. LAUTECH ni mo ti jáde, n kò sì kúrò ní ìlú náà láti ìgbà náà. Nígbà tí ìjọba dá yunifásítì yìí sílẹ̀ ní ọdún 1990, Ògbómọ̀ṣọ́ ti di ìlú ńlá tipẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì tú jáde sí àárín àwọn ará ìlú, nítorí pé ibùgbé inú ọgbà kò tó nǹkan. Títí di òní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gbé ní ìta: ní Under-G, ní Adénikẹ́, ní àdúgbò Stadium, àti ní ibòmíràn bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹ bá mú wá síbí, wákàtí díẹ̀ ni yóò máa lò nínú kíláàsì. Ìyókù ọjọ́ rẹ̀, ọwọ́ ìlú ni ó wà. Bí ẹ bá wo ilé ẹ̀kọ́ nìkan tí ẹ sì padà sílé, ìdajì ni ẹ wò.

Nítorí náà, Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ yí padà nínú ètò yín ni òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹ dárúkọ. Ẹ wá ní ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá wá ní ọjọ́ Àìkú, ògiri àti igi ni ẹ óò rí. Ẹ gba ẹnu ọ̀nà ńlá tí ó wà ní ọ̀nà Ìlọrin wọlé, ẹ sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ pé òbí ni yín àti pé ọmọ yín fẹ́ wo ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí ó fẹ́ yàn. Ní ẹ̀ka náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ béèrè bí wọ́n ṣe ń lo yàrá ìwádìí, ibi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ní ọdún kẹrin, àti iye ènìyàn tí ó ń wà nínú kíláàsì kan. Bí ẹ̀yin bàbá bá ń sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń bi yóò máa dá yín lóhùn bí ọmọ ṣe ń dá bàbá lóhùn: "Ó dára, sà." Ọmọ bíi tirẹ̀ ni yóò sọ òtítọ́ fún.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ rìn lọ sí Under-G ní ọ̀sán. Mo ní kí ẹ rìn, kí ẹ má wa ọkọ̀, kí ẹ lè mọ bí oòrùn ṣe ń pani ní ọ̀nà náà àti bí ó ṣe jìnnà tó. Ẹ wọ inú ọgbà ilé méjì tàbí mẹ́ta tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Ẹ wo kànga: ṣé omi máa ń wà nínú rẹ̀ ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú? Ṣé onílé ń gbé nínú ọgbà náà, àbí ẹ́jẹ́ǹtì ni ó fi síbẹ̀? Ta ni ó ń ti géètì ní alẹ́, ní aago mélòó? Kí ẹ padà sí àdúgbò náà nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, kí ẹ wo ibi tí iná wà àti ibi tí kò sí. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni o! Ẹ́jẹ́ǹtì yóò sọ pé yàrá fẹ́ tán. Ẹ jẹ́ kí ó tán, ọmọ tí kò tíì ṣe JAMB kò nílò yàrá.

ÌyáAláṣọ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ káàbọ̀ sí ìlú wa kí ẹ tó dé, Bàbá Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ Ajílété ti sọ ti ilé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí èmi sọ ti ìlú, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn òbí tí ó ń wá kì í kọjá Under-G, wọ́n á sì máa rò pé ibẹ̀ ni Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ wọ Márúwá, ẹ ní kí ó gbé yín lọ sí Tákì. Láti ibẹ̀, ẹ óò lè dé àárín ìlú, níbi tí ààfin Ṣọ̀ún wà, tí ọjà àti mọ́ṣáláṣí ńlá kò sì jìnnà síra wọn. Ọba Jimoh Oyèwùmí, Àjàgùngbadé Kẹta, lo ìtẹ́ náà láti ọdún 1973 títí di ọdún 2021 tí ó wàjà. Ọba Ghandi Ọláoyè ni ó gorí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 2023. Ẹ sọ ìtàn Ògúnlọlá ọdẹ fún ọmọ náà bí ẹ bá dé ibẹ̀: bí ó ṣe tẹ̀dó sí abẹ́ igi àjàgbọn, tí wọ́n mú un lọ sí Ọ̀yọ́ lórí ẹ̀sùn, tí ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ kojú Elémọ̀ṣọ́, ọ̀tá tí ó ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu nígbà náà. Ó gbé orí rẹ̀ dé, Aláàfin sì fi í sílẹ̀ kí ó máa lọ sí ibùdó rẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ọdẹ tí ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yìí o. Àwọn Aálẹ̀ ti wà ní Òkèlérìn, ìdílé wọn kò sì gbàgbé. Bí ẹ bá bá àgbà kan jókòó ní ẹnu ọ̀nà, ẹ óò gbọ́ irú rẹ̀ tí ó yàtọ̀ díẹ̀ sí tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ọmọ náà ṣe ní ọjà ni èyí: ẹ fún un ní owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ná an, kí ó fúnra rẹ̀ ra gàrí, ẹ̀wà, ata, epo àti ẹja. Ẹ dúró lẹ́yìn, ẹ má dá sí i. Yóò mọ bí kóńgò gàrí ṣe rí ní ọjà yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tà ní ẹnu géètì ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá wá ní ìgbà máńgòrò, ẹ jẹ nínú tiwa. Àwọn tí ó ń gbin máńgòrò mọ irú kan tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú wa káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà. Kí ẹ sì tó jẹ àmàlà, ẹ ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní.

Àbẹ̀kẹ́ (Abẹ́òkúta)

Mo kúnlẹ̀ kí gbogbo ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbà wá nímọ̀ràn. Èmi ni ọmọ tí bàbá mi ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn ni wọ́n ní kí n wá sọ tẹnu mi.

Inú mi dùn sí ohun tí Ẹ̀gbọ́n ỌmọAjílété sọ nípa kí n máa béèrè fúnra mi. Mo tún fẹ́ béèrè bóyá ó burú bí mo bá bẹ bàbá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n fi wákàtí méjì rìn nínú ọgbà láìsí wọn, bóyá pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan. Mo fẹ́ jókòó sí ibi tí wọ́n ń jókòó sí láàárín ẹ̀kọ́ kan sí èkejì, kí n gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí bàbá mi bá wà níbẹ̀, wọn yóò dìde kí wọn ni, ọ̀rọ̀ yóò sì parí.

ÀgbàÌjẹ̀bú (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọmọ yìí ní làákàyè, mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a má kàn máa sọ ti máńgòrò àti wàrà. Mo rántí pé ilé ẹ̀kọ́ yẹn ti tì pa fún ìgbà pípẹ́ rí nítorí ìjà owó láàárín ìpínlẹ̀ méjì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lo ọdún púpọ̀ ju bí ó ṣe yẹ lọ kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí. Ìlú lè dára, kí ilé ẹ̀kọ́ má dára. Kí ni ìrìn àjò ọjọ́ méjì fẹ́ fi hàn yín nípa ìyẹn?

ỌmọAjílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Òtítọ́ ni ẹ sọ, sà, mo sì wà lára àwọn tí ó jókòó sílé ní àkókò kan. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní ọdún 1991, ilé ẹ̀kọ́ náà di ti ìpínlẹ̀ méjèèjì, bí èyí kò bá sì san tirẹ̀, ìyẹn náà á fawọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n parí rẹ̀, tí LAUTECH sì di ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan. Èyí kò sọ pé kò ní sí ìyanṣẹ́lódì mọ́, ṣùgbọ́n ìdí kan pàtàkì ti kúrò nílẹ̀.

Ìbéèrè yín dára, ó sì ní ìdáhùn: ẹ bi àwọn tí ó wà ní ọdún tí wọ́n fi ń parí pé ọdún wo ni wọ́n wọlé. Ìṣirò náà kò le. Ẹ bi ènìyàn púpọ̀, kí ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbọ́. Kò sí ibi tí ẹ ti lè rí wọn tó bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe nínú ọgbà, ní ọjọ́ iṣẹ́.

Ní ti Àbẹ̀kẹ́: kò burú rárá, àbúrò. Ṣùgbọ́n kí o fi fóònù sílẹ̀ ní títàn, kí o sọ ibi tí o wà fún bàbá rẹ, kí o má bá ẹnikẹ́ni jáde kúrò nínú ọgbà láti lọ wo yàrá. Ẹ tún ṣọ́ra fún ohun kan: àwọn ẹ̀kọ́ kan kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ́. Ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ibùdó tirẹ̀ ní Ìséyìn, ẹni tí ó bá yan iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wá ń wo ilé ní Under-G ń ṣe iṣẹ́ asán. Ẹ bi wọ́n dáadáa ibi tí wọn yóò ti kọ́ ohun tí ẹ fẹ́ yàn, láti ọdún kìíní títí dé ìparí.

TíṣàÀkẹ̀sán (Ọ̀yọ́)

Bàbá Àbẹ̀kẹ́, mo rò pé Ìbàdàn ni ẹ óò gbà. Láti Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ tó nǹkan bíi kìlómítà 104, Ọ̀yọ́ sì wà ní àárín, ó ku nǹkan bíi 53 kí ẹ tó dé. Apá tí ó kẹ́yìn yìí ni kí ẹ ṣọ́. Àwọn tírélà tí ó ń ti òkè Ọya bọ̀ pọ̀ ní ọ̀nà náà, ibi tí ọ̀nà sì ti fún, ẹni tí ó ń kánjú a máa fẹ́ yà wọ́n sílẹ̀ níbi tí kò yẹ. Ẹ tètè kúrò nílé, kí ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú mọ́ yín lọ́nà.

Ẹ sì yà lọ́dọ̀ wa. N kò sọ ọ́ nítorí pé ará Ọ̀yọ́ ni mí (ó kù díẹ̀ kí n sọ bẹ́ẹ̀), bí kò ṣe pé fọ́ọ̀mù JAMB gba ju ilé ẹ̀kọ́ kan lọ, ọmọ tí ó bá rí ìlú kan ṣoṣo kò ní ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n. Yunifásítì Ajayi Crowther wà níbí, tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọdún 2005, lórí ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ti St. Andrew's, tí ó ti wà láti ọdún 1896. Ti àdáni ni, owó rẹ̀ kò rí bí ti ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń gbé inú ọgbà, lábẹ́ òfin. Kí Àbẹ̀kẹ́ rìn nínú rẹ̀, kí ó mọ̀ bóyá irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ ni ó wù ú tàbí èyí tí yóò ti máa pọn omi fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sí ọjà Àkẹ̀sán níwájú ààfin, kí ó wo àwọn tí ó ń fín igbá. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó yẹ kí ó wo bí ọwọ́ ṣe ń tẹ̀lé ojú láìsí rúlà.

Nọ́ọ̀sìFẹ̀yìntì (Ìbàdàn)

Kúkúrú ni tèmi. Bí ọmọ yín bá ní ikọ́ fée tàbí àìsàn ẹ̀jẹ̀, kí ẹ mọ̀ pé ọyẹ́ máa ń mú gan-an ní ìhà ibẹ̀, eruku sì pọ̀. Ní ti ìtọ́jú, ìlú náà kò yà sẹ́yìn: àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi ti ń ṣe ìwòsàn níbẹ̀ láti ọdún 1907, ilé ìwòsàn wọn ni ó di ti Yunifásítì Bowen, LAUTECH náà sì ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni tirẹ̀. Ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀ láti àdúgbò tí ọmọ yóò máa gbé, kí ẹ tó kúrò.

BàbáÀbẹ̀kẹ́ (Abẹ́òkúta)

A ti lọ, a sì ti dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá lọ́wọ́ Ìyá Aláṣọ, nítorí pé ọjà ni ọmọ yìí ti kọ́ ohun tí ó pọ̀ jù. Ó kọ́kọ́ tijú láti nájà. Ìyá kan tí ó ń ta ata wò ó, ó bi í bóyá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni, ó sì jókòó tì í, ó ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa lọ ata lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó bọ̀ ọ́, kí ó lè pẹ́ láìsí fíríìjì. Èmi dúró ní ẹ̀yìn bí ẹ ṣe ní kí n ṣe, ó sì ṣòro fún mi ju bí mo ṣe rò lọ. Owó tí mo fún un kò kan ẹja. Ó ní òun yóò jẹ ẹyin.

Nínú ọgbà, a pínyà. Nígbà tí ó padà wá bá mi lábẹ́ igi, ó ti mọ ohun tí n kò lè mọ̀ bí mo bá fi oṣù kan béèrè: ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fìdí rẹmi ní ọdún kejì, ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé ní owó pọ́ọ́kú, àti ọdún tí àwọn tí ó ń parí wọlé. Ọ̀rọ̀ wọn bára mu, Àgbà Ìjẹ̀bú, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ilé ni a ti jà. Èmi rí ọgbà kan tí onílé, ìyá àgbàlagbà, ń gbé inú rẹ̀, kànga rẹ̀ jìn, géètì rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ó jìnnà díẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́. Òun fẹ́ràn ilé tuntun kan tí ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n kun ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, tí orin ń dún nínú rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Mo mú un padà síbẹ̀ ní alẹ́. Orin náà ṣì ń dún. Ó bi ọmọbìnrin kan tí ó ń gbé ibẹ̀ bí ó ṣe ń kàwé, ìyẹn ní ilé ọ̀rẹ́ òun ni òun ti ń kà á. Nígbà tí a ń padà lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí a tún kọjá níwájú ilé ìyá àgbà náà.

A yà ní Ọ̀yọ́ nígbà tí a ń bọ̀. Ọgbà Ajayi Crowther wù mí. Ọmọ sọ pé ó wu òun náà, ṣùgbọ́n ó béèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó sì dákẹ́. LAUTECH ni yóò kọ sí ipò kìíní.

ÌyáỌlọ́mọMẹ́ta (Ṣakí)

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin tèmi náà fẹ́ wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni ìṣòro wa. Ṣé ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ lè ràn wá lọ́wọ́ lórí owó ilé? Ṣé a sì lè lọ wo ìlú náà nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, nígbà tí n kò ní lọ sí iṣẹ́?

ỌmọAjílété (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ìyá mi, NELFUND, àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ti ìjọba àpapọ̀, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024 máa ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, ó sì ní owó ìtọ́jú tí ó ń lọ sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lóṣooṣù fún ẹni tí ó bá béèrè fún un. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wọlé ni, onílé sì máa ń gba owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà kí ó tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Owó ilé àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dá èsúsú fún láti ìsinsìnyí. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè pín yàrá kan, ọ̀pọ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ti ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, ẹ má wá nígbà náà. Under-G á ti dá, àwọn oúnjẹ ìta á ti palẹ̀ mọ́, kò sì ní sí ẹni tí ọmọ yín yóò bi ní ìbéèrè. Ẹ gba àyè ọjọ́ Ẹtì kan ní ibi iṣẹ́, kí ẹ dé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ẹ wo ọgbà ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó lọ kírun Jímọ̀, kí ẹ sì wo ilé ní ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá ti mọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń bọ̀, ẹ kọ ọ́ síbí, màá sọ fún yín bóyá wọ́n wà lẹ́nu ìdánwò, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹnikẹ́ni kò ní ráyè dá yín lóhùn.